Ìṣirò Ìpinnu Ni Kí N Kọ́ Ni, Tàbí Ìṣàkóso Okòwò?

Ìbéèrè láti Kétu

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin ọdún 18 ni mí, mo sì wà ní kíláàsì tí ó kẹ́yìn ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Kétu níbí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ní ẹ̀ka BAC C, ìyẹn ẹ̀ka ìṣirò. Bàbá mi fẹ́ kí n lọ kọ́ gestion, ìyẹn ìṣàkóso okòwò. Wọ́n ní kò sí ilé iṣẹ́ tí kò nílò ẹni tí yóò bójú tó owó, àti pé ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ orúkọ ìwé ẹ̀rí náà yóò mọ ohun tí mo kọ́. Olùkọ́ ìṣirò wa ní tiwọn sọ pé nígbà tí mo ti fẹ́ràn ìṣirò, tí mo sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ òwò, kí n wádìí ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń pè ní recherche opérationnelle. Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, bàbá mi bi mí pé kí ni ènìyàn ń fi í ṣe, n kò sì rí èsì fún wọn. Ìyá mi, tí wọ́n ń ra gàrí àti èlùbọ́ ní Kétu láti kó lọ sí ọjà Wàńdó ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), kàn rẹ́rìn-ín ni. Wọ́n ní gbogbo ohun tí olùkọ́ náà ṣàlàyé kò ju bí àwọn ṣe ń pín ẹrù àwọn sínú ọkọ̀ lọ. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni kí n mú nínú méjèèjì?

Ìdáhùn

Ọmọ mi, nínú àwọn mẹ́ta tí wọ́n bá ọ sọ̀rọ̀, ìyá rẹ ni wọ́n sún mọ́ ojú ọ̀rọ̀ jù lọ. Nítorí náà, kí a tó dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ kankan, jẹ́ kí a kọ́kọ́ di ẹrù wọn. Èmi ni mo fi ojú inú dá iye owó tí n óò lò yìí. Bí o bá délé, fi iye tí ó jẹ́ ti ọjà wọn gan-an rọ́pò rẹ̀.

Kí a sọ pé bàṣé, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí wọ́n máa ń háyà, gba 40 àpò, àti pé sẹ́fà 600,000 ni ojú owó tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Àpò gàrí kan jẹ́ 12,000 ní Kétu, ó sì ń mú èrè 2,000 wá ní Wàńdó. Àpò èlùbọ́ kan jẹ́ 20,000, èrè tirẹ̀ sì jẹ́ 3,000. N kò tíì yọ owó ọkọ̀ kúrò, nítorí pé iye kan náà ni wọ́n ń san fún awakọ̀, ọkọ̀ ìbáà kún, ìbáà má kún. Mélòó ni kí wọ́n kó nínú gàrí, mélòó sì ni kí wọ́n kó nínú èlùbọ́?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sọ pé kí wọ́n kó kìkì èlùbọ́, nítorí pé èrè rẹ̀ lórí àpò kan ju ti gàrí lọ. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, owó yóò tán lórí 30 àpò, èrè yóò jẹ́ 90,000, àyè àpò mẹ́wàá yóò sì ṣófo nínú ọkọ̀ láti Kétu dé Pọ́bẹ̀, dé Ìtàkété, títí wọ Àjàṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ kìkì gàrí ni wọ́n kó, ọkọ̀ yóò kún, ṣùgbọ́n èrè yóò jẹ́ 80,000, nígbà tí sẹ́fà 120,000 yóò wà ní ìdí ìró wọn láìṣe iṣẹ́ kankan. Bí wọ́n bá wá kó gàrí 25 pẹ̀lú èlùbọ́ 15, ọkọ̀ yóò kún, owó yóò tán pátápátá, èrè yóò sì jẹ́ 95,000. Kò sí bí wọ́n ṣe lè pín in tí yóò ju èyí lọ. Ìṣirò tí o ń kọ́ ní BAC C tó láti fi í hàn: ìlà méjì ni wàá fà sórí ìwé, ọ̀kan fún àyè ọkọ̀, ọ̀kan fún owó, wàá sì wo ibi tí wọ́n ti gé ara wọn kọjá.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni èmi fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹnì kan bá ní òun yóò yá ìyá rẹ ní 40,000 sí i, ìpín tí ó dára jù yóò yí padà sí gàrí 20 àti èlùbọ́ 20, èrè yóò sì di 100,000. Èyí ni pé 40,000 náà mú 5,000 wá nínú ìrìn àjò kan ṣoṣo: bí èlé tí ayánilówó ń béèrè bá kéré sí 5,000, kí wọ́n gbà á, bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n sì máa bá tiwọn lọ. Bí ó bá sì jẹ́ awakọ̀ ni ó ní òun lè gbé àpò méjì lé orí ẹrù, tí ó fi di 42, gàrí 30 àti èlùbọ́ 12 ni wọn yóò kó, èrè yóò jẹ́ 96,000, nítorí náà kò yẹ kí wọ́n san ju 1,000 lọ fún àyè méjèèjì. Ìyá rẹ lè ti mọ̀ tipẹ́ pé ó yẹ kí àwọn da gàrí pọ̀ mọ́ èlùbọ́. Ohun tí ó ṣòro fún ènìyàn láti fi ojú díwọ̀n ni iye tí àyè díẹ̀ sí i tàbí owó díẹ̀ sí i tó, irú rẹ̀ gan-an sì ni ìmọ̀ yìí máa ń ṣírò.

Orúkọ Faransé rẹ̀ kò ṣàlàyé ohunkóhun fún ẹni tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, n kò sì dá bàbá rẹ lẹ́bi rárá. Ìṣirò ìpinnu ni èmi yóò máa pè é níhìn-ín. Inú iṣẹ́ ogun ni orúkọ náà ti wá, díẹ̀ ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, ìmọ̀ náà sì gbilẹ̀ nígbà ogun náà, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ìlú Gẹ̀ẹ́sì pe àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, tí Patrick Blackett wà lára wọn, pé kí wọ́n wá bí a ṣe lè lo ọkọ̀ òfurufú, rédà àti ọkọ̀ ojú omi tí ó wà nílẹ̀ lọ́nà tí ó sàn jù, dípò kí a máa dúró de tuntun. Wọ́n rí i, fún àpẹẹrẹ, pé bí ọ̀wọ́ ọkọ̀ akẹ́rù orí òkun bá tóbi sí i, iye tí ọ̀tá ń rì nínú rẹ̀ kì í pọ̀ sí i tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọ̀wọ́ ńlá díẹ̀ sàn ju ọ̀wọ́ kéékèèké púpọ̀ lọ. Leonid Kantorovich, onímọ̀ ìṣirò ní Rọ́ṣíà, ti ń ṣe irú ìṣirò ẹrù ìyá rẹ yìí fún ilé iṣẹ́ pákó láti 1939, ó sì wà lára àwọn méjì tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ti ètò ọrọ̀ ajé ní 1975. Ní 1947 ni George Dantzig ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní simplex kalẹ̀, tí a fi ń yanjú rẹ̀ nígbà tí oríṣi ẹrù bá di ọgọ́rùn-ún tí ìlà méjì lórí ìwé kò sì lè tó mọ́.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ kí o sọ fún ìyá rẹ. Ní 1945, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kan tí ń jẹ́ George Stigler wá àkójọ oúnjẹ tí yóò fún ọkùnrin kan ní ohun aṣaralóore tí ó nílò fún ọdún kan ní owó tí ó kéré jù lọ. Oríṣi oúnjẹ 77 ni ó yẹ̀ wò. Kò sí simplex nígbà náà, ọgbọ́n orí ni ó fi ṣe é, ó sì dé orí dọ́là 39.93. Lẹ́yìn tí Dantzig ti gbé ọ̀nà rẹ̀ jáde, wọ́n tún ìṣirò kan náà ṣe: akọ̀wé mẹ́sàn-án ni ó jókòó tì í pẹ̀lú ẹ̀rọ ìṣirò tí a ń fi ọwọ́ yí, iṣẹ́ náà tó ohun tí ẹnì kan yóò fi 120 ọjọ́ ṣe, ìdáhùn wọn sì jẹ́ dọ́là 39.69. Gbogbo wàhálà yẹn, sẹ́ńtì 24 ni ó rà padà lórí ọgbọ́n orí. Ìyá rẹ kò ṣi ẹ̀rín rín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń bọ́ ọmọ ogun 100,000, sẹ́ńtì 24 yẹn di dọ́là 24,000 fún un lọ́dọọdún, yóò sì wá akọ̀wé mẹ́sàn-án náà kiri. Ibi tí iṣẹ́ bá ti tóbi ni ìṣirò ìpinnu ti ń sanwó: èbúté, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná, báńkì tí ó ní ẹ̀ka púpọ̀, àjọ tí ń pín oògùn káàkiri orílẹ̀-èdè. Èyí ni èsì tí o lè fún bàbá rẹ. Wá fi kún un, kí o má bàa tàn wọ́n, pé irú ibi bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ ní Kétu. Kùtọnu ni èyí tí ó pọ̀ nínú wọn wà, àwọn yòókù sì wà lẹ́yìn odi.

Ní ti gestion, má ṣe rò pé ẹ̀kọ́ fún àwọn tí ìṣirò le fún ni. Nínú àpẹẹrẹ wa, ta ni ó sọ pé èrè àpò èlùbọ́ kan jẹ́ 3,000? Wọn kò kọ ọ́ sára àpò. Ẹnì kan ni ó ní láti mọ iye tí ó bàjẹ́, iye tí oníbàárà jẹ tí kò tíì san, iye tí owó ọjà yóò fi wálẹ̀ bí bàṣé márùn-ún mìíràn bá dé Wàńdó láàárọ̀ ọjọ́ náà, àti irú àdéhùn tí a bá awakọ̀ ṣe. Bí iye wọ̀nyí bá jẹ́ irọ́, ìlà méjì tí o fà sórí ìwé yóò kàn fún ọ ní irọ́ tí ó gún régé ni. Nígbà kan rí, ní ilé iṣẹ́ kan tí mo ti bá wọn ṣiṣẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe ìṣirò ọ̀nà tí ọkọ̀ wa yóò máa gbà pín ọjà. Iṣẹ́ náà dára púpọ̀ lójú ìwé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni a fi lò ó, nítorí pé kò bi awakọ̀ kankan, kò sì mọ̀ pé ọjọ́ ọjà máa ń dí méjì nínú àwọn ọ̀nà náà pa láti òwúrọ̀. Ìṣirò rẹ̀ ni a dá lẹ́bi. Ìbéèrè tí kò béèrè ni ó yẹ kí a dá lẹ́bi.

Ohun kan tún wà tí ó kan ọ ju bí ó ti kan ọmọ Kùtọnu lọ, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ààlà ni o ń gbé. Ìṣirò owó ilé iṣẹ́ àti òfin okòwò tí wọn yóò kọ́ ọ nínú gestion jẹ́ ti OHADA, àjọ tí ó mú òfin okòwò àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan bára mu, tí àdéhùn rẹ̀ wáyé ní 1993, tí orílẹ̀-èdè 17 sì wà nínú rẹ̀ lónìí. Dákà, Àbíjàn, Lómé, ibi gbogbo wọ̀nyí ni ìmọ̀ náà yóò ti bá ọ ṣiṣẹ́ láìyí padà. Nàìjíríà kò sí nínú rẹ̀. Bí o bá sọdá sí Ìmẹ̀kọ, tí kò jìnnà sí ilé yín, ìlànà ìṣirò owó yàtọ̀, òfin okòwò yàtọ̀, èdè iṣẹ́ sì yàtọ̀. Ìlà méjì tí a fà fún gàrí àti èlùbọ́ kò yí padà ní tirẹ̀, ìbáà jẹ́ ní Ìmẹ̀kọ tàbí ní Jámánì.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Ní Amẹ́ríkà, ó ṣeé ṣe kí ènìyàn wọ ẹ̀ka tí ó ń jẹ́ orúkọ ìṣirò ìpinnu ní ipele oyè àkọ́kọ́. Princeton àti Cornell ní irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀. Nínú ètò ẹ̀kọ́ Faransé tí a jogún, ó máa ń jẹ́ ẹ̀kọ́ kan nínú ẹ̀kọ́ mìíràn, nínú ìmọ̀ ìṣirò, nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, àní nínú gestion pàápàá. Nítorí náà, ìbéèrè rẹ kì í ṣe èwo nínú méjì mọ́. Ẹnu ọ̀nà tí o fẹ́ gbà wọlé ni ó kù láti yàn. Bí o bá gba FASEG, ẹ̀ka ètò ọrọ̀ ajé àti gestion ní yunifásítì Abomey-Calavi, tàbí ti Parakou, ẹnu ọ̀nà gestion ni. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ENEAM ní Kùtọnu ní ẹ̀ka gestion àti ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣirò àkójọpọ̀, ìyẹn statistique, lábẹ́ òrùlé kan. IMSP, ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ìṣirò àti físíìsì tí ó wà ní Dangbo nítòsí Àjàṣẹ́, àti yunifásítì UNSTIM ní Abomey, ẹnu ọ̀nà ìṣirò ni wọ́n. Níbi tí wọ́n bá ti ń fúnni ní licence, ìyẹn oyè yunifásítì àkọ́kọ́, ọdún mẹ́ta ni, ọdún méjì sí i sì ni master. Béèrè àkójọ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ wọn kí o tó kọ orúkọ rẹ sílẹ̀, má ṣe gba orúkọ ẹ̀ka nìkan gbọ́.

Bí èmi bá ni ìwọ, ẹnu ọ̀nà ìṣirò ni n óò gbà, statistique ní pàtàkì, n óò sì fi gestion sí ọdún master tàbí sí ẹnu iṣẹ́. Ìdí mi kì í ṣe pé ọ̀kan níyì ju èkejì lọ. Mo ti rí àwọn oníṣirò tí wọ́n kọ́ ìṣirò owó ilé iṣẹ́ ní ẹni ọgbọ̀n ọdún, tí wọ́n sì ṣe dáadáa. Àwọn tí mo rí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìṣirò gidi ní ẹni ọgbọ̀n ọdún kò pọ̀, nítorí pé ìṣirò ń béèrè wákàtí gígùn tí kò sí ẹni tí ń pè ọ́, irú wákàtí bẹ́ẹ̀ kì í sì í sí lọ́wọ́ ẹni tí ó ti ní iṣẹ́ àti ọmọ. Ó sì tún jẹ́ pé statistique jẹ́ orúkọ tí bàbá rẹ lè sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn láìṣẹ̀ṣẹ̀ máa túmọ̀ rẹ̀, ohun kékeré kọ́ ni èyí nínú ilé.

Ṣùgbọ́n dán ara rẹ wò kí o tó gba ìmọ̀ràn mi. Tẹ̀ lé ìyá rẹ lọ sí Wàńdó ní ọjọ́ ìsinmi kan, kí o kọ gbogbo iye tí ó bá yọjú sílẹ̀, kí o sì fi àgbàdo ṣe ẹrù kẹta nínú ìṣirò rẹ. Ìlà kò ní tó mọ́, wàá ní láti ronú. Bí ó bá di alẹ́ tí ìṣirò náà kò jẹ́ kí o sùn, o ti mọ ibi tí o ń lọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé ohun tí kò kúrò lọ́kàn rẹ ni bí ìyá rẹ ṣe bá oníbàárà tí ó jẹ gbèsè sọ̀rọ̀ tí ó fi san án láìbínú, gbọ́ ti bàbá rẹ, lọ sí gestion, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé o fi ọpọlọ rẹ ṣòfò.

Ìbéèrè láti Àjàṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́. Ọkùnrin ẹni ọdún 33 ni mí, mo ní licence nínú gestion, mo sì ń ṣe alábòójútó ní ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan ní Àjàṣẹ́. Ọkọ̀ kan ni a fi ń pín búrẹ́dì fún ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá láràárọ̀. Ọ̀gá wa fẹ́ kí n wá bí owó epo ṣe lè dínkù àti bí búrẹ́dì tí ń ṣẹ́kù ṣe lè dínkù. Mo ti rí i pé ìṣirò ìpinnu ni ó ń ṣe irú èyí. Ṣé kí n padà lọ bẹ̀rẹ̀ licence mìíràn nínú ìṣirò ni?

Ìdáhùn

Rárá, ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti òkèrè. Ẹ̀kọ́ nípa mátíríìsì (àtẹ nọ́ńbà), ẹ̀kọ́ nípa ìṣeéṣe, àti bí a ṣe ń lo Solver, irinṣẹ́ tí ń wá ìdáhùn tí ó dára jù, tí ó wà nínú Excel, tí ó sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú LibreOffice, ni ẹ nílò ní ọdún àkọ́kọ́. Bí ó bá wá wù yín lẹ́yìn náà, ẹ lè wá master.

Ní ti ọ̀nà ọkọ̀, ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá lè tò tẹ̀ léra wọn ní ọ̀nà 3,628,800. Iye náà ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kékeré kan lè yẹ gbogbo rẹ̀ wò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Wákàtí tí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ń ṣílẹ̀kùn ni kọ̀ǹpútà kò mọ̀, awakọ̀ yín sì mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí tí ó ṣẹ́kù ni owó wà nínú rẹ̀, ìmọ̀ gestion tí ẹ ti ní ni yóò sì ṣí i. Kí a sọ pé búrẹ́dì kan ń ná yín ní sẹ́fà 200 láti ṣe, ẹ ń tà á ní 300, èyí tí ó bá sì sùn, 150 ni ẹ ń tà á lọ́jọ́ kejì. Bí búrẹ́dì bá tán kí oníbàárà tó dé, 100 ni ẹ pàdánù. Bí ó bá ṣẹ́kù, 50 ni. Ẹ da méjèèjì pọ̀, ó di 150. Ẹ fi 100 wé 150, ó jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta. Èyí ni pé kí ẹ ṣe iye tí yóò tó àwọn oníbàárà ní ọjọ́ méjì nínú mẹ́ta, kí ẹ sì gbà pé yóò tán ní kíákíá ní ọjọ́ kan. Ẹ kọ iye tí àwọn oníbàárà béèrè fún sílẹ̀ fún 30 ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ Ìsinmi, pẹ̀lú ti àwọn tí wọ́n dé tí wọn kò bá a. Ẹ tò ó láti kékeré dé ńlá. Iye tí ó bá wà ní ipò ogún ni kí ẹ máa ṣe láràárọ̀, ẹ sì ya ọjọ́ Ìsinmi sọ́tọ̀, kí ẹ ní àkójọ tirẹ̀, nítorí pé ọjà ọjọ́ náà kò bá ti àwọn ọjọ́ yòókù mu.